Ikùn Mẹ́ta

Láàárín oṣù méjì, aláìsàn mẹ́ta tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún nílé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ládùúgbò Oregbeni ló padà wá pẹ̀lú ikùn wíwú. Nígbà tí Dókítà Akínwùmí tún wọn là, ìfun wọn ti lẹ̀ mọ́ra, kókó funfun wẹ́wẹ́ sì kún ibẹ̀. Dókítà ní ohun àjèjì kan ló ń ti tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ̀ wọ́n lára, àmọ́ òun ò mọ ohun tó jẹ́.

Ọmọlará mọ̀ ọ́n ní tiẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń tọ́jú irinṣẹ́ tíátà náà, ikùn ẹnikẹ́ni ò wú rí. Oṣù kejì ọdún 1996 ni Comfort wá bá a ṣiṣẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, wàhálà ti dé. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run, ṣùgbọ́n Ọmọlará ti mú alángbá tiẹ̀. Ó dá a lójú pé Comfort ń kó ojúlówó báńdéèjì lọ tà ní Upper Sakponba, ó ń fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀.

"Dókítà, ẹ ṣọ́ ọmọ yẹn o. Ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́."

Dókítà gbà á gbọ́. Ó ní kí Comfort jìnnà sí tíátà, kó sì fiṣẹ́ sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ yọ àpẹ́ńdíìsì Títílọpẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọmọlará bí. Ìyá fúnra rẹ̀ ló di gbogbo ẹrù iṣẹ́ abẹ náà, ó tì í mọ́lé, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó pàdé Comfort lẹ́nu ọ̀nà tíátà, tó gbé abọ́ ńlá kan tó fi aṣọ bò. Ọmọlará dínà mọ́ ọn. Ó dì í lápá mú.

"Kí lo fẹ́ gbé lọ bá ọmọ mi?"

"Madam, na water. I boil am well well." Comfort di abọ́ náà mú ṣinṣin. "For where I work before, if doctor wear glove finish, e go wash the powder comot before e touch person belle. I never see una do am here. I wan tell you since, you no gree hear my word. I dey fear for Títí."

Ọmọlará fi apá rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, wọn kì í lo ìbọ̀wọ́ lẹ́ẹ̀kan sọnù. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á da páúdà sí i kó má baà lẹ̀, wọ́n á wá fi ooru omi pa kòkòrò ara rẹ̀. Abọ́ omi wà ní tíátà tẹ́lẹ̀ tí Dókítà fi ń ṣan páúdà náà. Ọmọlará ló gbé e kúrò lóṣù kejì, nígbà tí ẹ̀rọ omi gbẹ tí omi di ọ̀wọ́n. Dókítà bi í léèrè abọ́ náà. Ọmọlará ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun ń gbọn páúdà náà dànù. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi gbọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ṣe ló tún ń dà á lé e, torí Dókítà máa ń yìn ín pé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kì í há. Ìfura lòògùn àgbà lóòótọ́, àṣé àgbà ò fura sí ara rẹ̀.

Ó lè gba omi náà lọ́wọ́ Comfort, kó gbé e wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ á bọ́, Comfort á lọ, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa, ó rò ó. Ó tiẹ̀ ti na ọwọ́ sí abọ́ náà.

Dókítà yọjú láti inú tíátà, ìbọ̀wọ́ funfun báláú lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lọmọ yìí tún ń wá níbí?"

Comfort yí padà láti lọ, tòun tabọ́.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e." Omi ti ń bọ́ lójú Ọmọlará. "Páúdà ìbọ̀wọ́ ló ń wú wọn níkùn. Mi ò gbọ̀n ọ́n. Irọ́ ni mo pa fún yín. Comfort ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Dókítà pe Comfort padà. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi náà, omi sì funfun bí ẹ̀kọ mímu.

Títílọpẹ́ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì nínú tíátà. Wọn ò tíì fún un lábẹ́rẹ́ oorun. Yorùbá yé e dáadáa, kì í kàn fi í fèsì ni.

"Mummy, so na you?"

Ọmọlará wọlé tọ̀ ọ́. "Èmi ni, ọmọ mi."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀ títí, ó wá gbójú kúrò. "Doctor, abeg, make Mummy go outside. Make Aunty Comfort stay with me."

Ọmọlará jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.