Àga Màdáámú

Káfíńtà ni mí, àga ni mo sì mọ̀ ọ́n ṣe jù. Mo ti ṣe àga fún adájọ́, mo ti ṣe fún onígbàjámọ̀, mo sì ti ṣe fún ọkùnrin kan tó sanra débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọn ìdí rẹ̀ kó tó dá mi lójú. Nínú gbogbo wọn, èyí tó dára jù ni èyí tí mo ṣe fún ọmọ ọmọ mi. Òun náà ni ì bá wù mí kí n má ṣe rárá.

Ọmọ náà pé oṣù mẹ́rin nígbà tí ìyá rẹ̀, ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo, padà sẹ́nu iṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ ọmọ iléèwé. Bàbá ọmọ ti bá tirẹ̀ lọ, ìyàwó mi sì ti kú, ó wá ku èmi. Mo ní kó máa gbé ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láràárọ̀, àbí ẹni tó tọ́ ìyá kò ní lè tọ́ ọmọ ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ tọ́ mi ni àbí màámi?" Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀.

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ìṣó kún ibẹ̀, èyí tó ti wọ́, èyí tó ti dípẹtà, àti àwọn kéékèèké tí ojú kì í rí nínú èérún igi. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ìṣó kan gún mi lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà wú bí ìrọ̀rí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà ní hósípítù. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, ìbáà jẹ́ tèmi tàbí tẹlòmíì. Ṣé ibẹ̀ ni kí n wá tẹ́ ọmọ sí? Ni mo bá ṣe àga.

Ẹ ò rí i! Igi tó fúyẹ́ ni mo lò, mo fi pépà tí a fi ń ha igi dán an títí ó fi ń dán gbinrin. Mo fi tìmùtìmù há a lọ́tùn-ún lósì, mo fi bẹ́líìtì aláwọ sí i láàárín, mo fi táyà mẹ́rin sí i nídìí kí n lè máa tì í kiri. Ọmọ náà á jókòó síbẹ̀, á gbé ọwọ́ lé tábìlì kékeré iwájú rẹ̀, á máa wò mí bí ọ̀gá iléèwé tó ń wo ẹni tó pẹ́ dé. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Màdáámú. Àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á ní, "Màdáámú, ẹ káàsán o," kí wọ́n tó rántí kí èmi. Kì í sunkún, kì í dọ̀tí. Láti aago méje àbọ̀ àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, inú àga ló wà. Tó bá sùn, mo kàn ń tẹ ẹ̀yìn àga sílẹ̀ díẹ̀ ni. Orí mi wú, mo rò pé mo ti rí ọgbọ́n tí àwọn ìyá ò rí.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án, a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn, ọmọbìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ wo bí ara ọmọ ṣe lágbára tó. Ó da ọmọ dojú bolẹ̀. Màdáámú gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹní, ó figbe ta. Kò gbé orí, kò fi ọwọ́ ti ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé e jókòó, ó rọra yọ ọwọ́, ọmọ náà sì wó sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àpò òfìfo. Nọ́ọ̀sì tètè mú un.

"Níbo ló máa ń wà lójúmọmọ?"

"Inú àga ni," mo dáhùn kíá. Mo tilẹ̀ fi ọwọ́ júwe bẹ́líìtì rẹ̀ àti táyà rẹ̀.

Ó jẹ́ kí n sọ tán. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àga yẹn dára, ṣùgbọ́n àga ló ń bá a jókòó, òun fúnra ẹ̀ ò tíì jókòó rí. Ilẹ̀ lọmọ ti ń rí agbára ọrùn àti ti ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ bó ṣe máa yí ara padà, bó ṣe máa rá, bó ṣe máa di nǹkan mú dìde. Ẹ máa tẹ́ ẹ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Tó bá ń sunkún, ẹ̀yin náà ẹ dùbúlẹ̀ tì í, kẹ́ ẹ jọ máa ṣeré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ gbé e padà wá. Tí ò bá sí ìyàtọ̀, a máa mú un lọ bá dókítà."

Mo ní mo ti gbọ́. Lójú ọ̀nà ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo ní ọmọ mélòó ni nọ́ọ̀sì yẹn fúnra ẹ̀ ti bí? Mo ní nínú ìdílé wa, ọmọ kì í tètè rìn. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ máa tẹ́ ẹ sílẹ̀." Mo ṣèlérí.

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ́ ẹní sí ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà, mo da ọmọ dojú bolẹ̀ lé e. Ó ké bí ẹni tí wọ́n ń nà. Bí mo ṣe wo ẹ̀gbẹ́ ẹní, ìṣó kan wà níbẹ̀, kò jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀ rárá. Àyà mi já. Mo gbé e padà sínú àga, ó dákẹ́, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Mi ò tẹ́ ẹní yẹn mọ́.

Nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ dé. "Bàbá, ṣé ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lónìí?" Mo ní mo tẹ́ ẹ, mi ò sì purọ́ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì ó di irọ́. Lọ́jọ́ kẹta mo fi iyọ̀ sí i, mo ní ó gbé orí sókè, ó sì wò mí. Ẹ ò lè mọ bí inú ọmọ mi ṣe dùn tó. Ó gbé Màdáámú sókè, ó ń bá a jó láàárín ṣọ́ọ̀bù, tòun ti bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ijó yẹn, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Bó bá tẹ́ ọmọ sílẹ̀ nílé tí ọmọ sunkún, màá ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ó ti ṣe é lọ́sàn-án.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ṣebí ó ń gbìyànjú, ẹ̀yin lẹ kúkú ń rí i. Ẹ jẹ́ ká fún un láyè díẹ̀ sí i." Ìgbà yẹn ló yẹ kí n la ẹnu mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ká fún un láyè.

Oṣù méjì sí i la fi fún un láyè ká tó gbé e padà lọ. Ẹní kan náà, nọ́ọ̀sì kan náà. Màdáámú gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹní, ó figbe ta.

"Ṣé ẹ ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ ṣá?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Lójoojúmọ́! Bàbá mi ló ń..." Ọmọ mi ò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó yíjú sí mi. Mo ń wo bàtà mi. Ká ní ó pariwo ni, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi mí pé, "Bàbá, ṣé ó gbé orí sókè wò yín lóòótọ́?" Mi ò gbé ojú kúrò lára bàtà. Ó ní, "Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn níbi iṣẹ́."

Dókítà yẹ ọmọ náà wò. Ó ní kò sí àrùn lára rẹ̀, ó máa rìn, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́, iṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ mi ti gba yàrá kan ní òdìkejì ìlú, wọ́n sì kó lọ síbẹ̀, nítòsí ibi tí obìnrin kan ti ń tọ́jú ọmọ lórí ilẹ̀ gbalasa. Bọ́ọ̀sì méjì lèèyàn máa wọ̀ kó tó débẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n lọ, mo so òòfà mọ́ orí igi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á nílẹ̀. Ìṣó ń lẹ̀ mọ́ ọn, mo ń dà wọ́n sínú agolo. Mo gbá abẹ́ tábìlì, mo gbá kọ̀rọ̀ tí mi ò rí ìdí rẹ̀ láti ọdún wo. Nígbà tí mo gbé orí sókè, kò tíì tó aago méjìlá ọ̀sán, ilẹ̀ ti mọ́ tónítóní. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni. Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ fi wà lórí ìjókòó nítorí iṣẹ́ òwúrọ̀ kan tí mi ò ṣe! Mo jókòó sórí ilẹ̀ yẹn, mo sunkún bí ọmọdé.

Gbogbo Sátidé ni mo ń ṣa ìṣó báyìí. Àga náà ṣì wà, mo dojú rẹ̀ kọ ògiri. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ pé Màdáámú ń rá ní oṣù kẹtàdínlógún. Orí fóònù náà ni mo ti gbọ́ pé ó rìn, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọdún méjì. "Ó rìn, Bàbá," lọmọ mi sọ, ó sì ní iná fóònù òun ti fẹ́ tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá kí mi. Ọmọ mi jókòó sórí àpótí tí mo gbé fún un, ó gbé Màdáámú lé itan. Ọmọ náà ń jà fitafita kó lè bọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, jẹ́ kó rìn wá bá mi."

Ó wo ilẹ̀. "Ìṣó ńkọ́?"

"Kò sí ìṣó níbẹ̀. Mo ti ṣà á tán. Gbogbo Sátidé ni mo ń ṣà á."

Ó wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́sí lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo bọ́ bàtà mi. Mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti ìdí tábìlì dé ẹnu ọ̀nà, mo gba abẹ́ fèrèsé, mo dé kọ̀rọ̀, mo padà. Ilẹ̀ náà tutù. Omi lé ròrò sójú ọmọ mi.

"Mo ti rí i, Bàbá. Ẹ wọ bàtà yín," ló wí. Ṣùgbọ́n kò sọ ọmọ kalẹ̀. Lẹ́yìn díẹ̀ ó ní ó yẹ káwọn tètè lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Níta, lórí kọnkéré etí títì, ló ti gbé e sílẹ̀. Màdáámú di ìka ìyá rẹ̀ kan mú, ó ya ẹsẹ̀ gbàgà, ó ti ikùn síwájú, ó ń lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà, mo ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi yà ní kọ́nà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i tó ń rìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì rí.