Ohun Tí A Kò Bá Ná Tán

Gé-e-kúrò ni àwọn olùkọ́ ń pe akápò ilé-ìwé kan lẹ́yìn, wọn ò sì parọ́ mọ́ ọn. Òun ló gbé òfin kalẹ̀ pé ohun tí ẹ̀ka kan kò bá ná tán lọ́dún yìí, kò ní rí i gbà lọ́dún tó ń bọ̀. Láàárín ọdún mẹ́fà, owó ìwé já wálẹ̀, owó epo ọkọ̀ tán pátápátá. Ti àwọn ẹ̀ṣọ́ nìkan ló ń ga sí i, torí ọdọọdún ni wọ́n ń rí olè kan lù. Wọn kì í sì í gbé olè lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Ìyàwó akápò ni nọ́ọ̀sì ọ̀hún. Ó bẹ̀ ẹ́ títí kó má fọwọ́ kan owó bándéèjì.

"Ta ló fara pa lọ́dún tó kọjá?" ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Àbí o fẹ́ fi pọnmọ ni?"

"Bàbá Ìbejì, ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gé e.

Lọ́dún yìí, olè kankan ò wá. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún parí, akápò sọ fún olórí ẹ̀ṣọ́ pé nínú àwọn mẹ́fà, mẹ́rin á lọ.

"Akápò," ni ọkùnrin náà wí, "ọdún ò tíì parí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn òbí tò sẹ́nu géètì láti gba èsì ìdánwò. Télọ̀ kan nínú wọn béèrè ohun tó ń dá wọn dúró. Kóńdó ẹ̀ṣọ́ kan bà á lẹ́nu, eyín mẹ́ta já bọ́. Àbúrò akápò, olùkọ́ iṣẹ́ igi, sáré jáde láti làjà.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá ọmọ ni!"

Kóńdó mẹ́ta ló balẹ̀ sí i lórí lẹ́ẹ̀kan náà.

Akápò gbé e wọ yàrá nọ́ọ̀sì. Àbúrò tó pọ̀n dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú nìyí! Ìyàwó rẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, páálí òfìfo ló wà níbẹ̀. Ó fa kọ́tìnnì ya, ó fi di orí, ẹ̀jẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ ilé-ìwé ò ní epo. Kí wọ́n tó rí òmíràn, ó ti kú.

Olórí ẹ̀ṣọ́ yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú ìrọ́jú, akápò. Ẹ ṣáà ti rí i báyìí pé a níṣẹ́ lọ́wọ́."

Akápò fò mọ́ ọn lọ́rùn, ó gé e létí jẹ. Àwọn márùn-ún yòókù ló fi kóńdó ṣẹ́ apá ọ̀tún rẹ̀.

Ọlọ́pàá kó olórí ẹ̀ṣọ́ lọ. Àmọ́ onílé-ìwé ní ìjà ti pọ̀ jù, kí ẹ̀ṣọ́ di mẹ́wàá. Ọmọ mẹ́rin tí àbúrò fi sílẹ̀ fẹ́ jẹun, akápò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́ sínú ìwé owó ọdún tuntun: ẹ̀ṣọ́, mẹ́wàá.

Ó dé ibi bándéèjì. Òfin rẹ̀ ń béèrè iye tí wọ́n lò lọ́dún náà. Wọn ò lo ẹyọ kan.