Igi Sàláhúdéènì Lórí Iyanrìn

Sàláhúdéènì ọmọ Ìlọrin ló kọ́ mi ní òwò ní Lọ́kọ́jà. Ìwọ̀sí ló fi kọ́ mi.

Igi ni ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó fi ń dáná kó tó lè rìn, ni Sàláhúdéènì bá ra gbogbo igi etí odò. Èmi ni mo fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n mi kó o lọ sórí iyanrìn àárín odò, níbi tí ọkọ̀ ńlá ń dúró sí. Nígbà tó kan owó iṣẹ́ mi, ó pòṣé. Ó ní, "Ìwọ obìnrin Ọ̀wọ́rọ̀, ọlọ́kọ̀ pọ̀ níbí bí eṣinṣin. Gba èyí tí mo fún ọ."

Mo gbà á.

Ọkọ̀ òyìnbó dé, Sàláhúdéènì bu owó gọbọi lé igi rẹ̀. Ìròyìn náà gun òkè Patí kó tó dalẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará oko ti ru igi wá, wọ́n ń tà á lówó pọ́ọ́kú. Ọkọ̀ ra tiwọn, ó lọ.

Ni odò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù ti kó iṣu lọ sí ọjà òkè odò, ó ku èmi nìkan. Sàláhúdéènì sáré wá bá mi pé kí n bá òun kó igi òun wálé.

Mo ní ìdajì igi náà ni owó iṣẹ́ mi.

Ó bú mi, ó bú ìyá mi. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi, mo ń jẹ iṣu sísun. Nígbà tó fi máa gbà, omi ti gbé ìdajì lọ.

Mo ní, "Bàbá, tiyín ló bá omi lọ yẹn. Tèmi ló kù."