Ta Ló Jẹ Àwọn Lẹ́tà Yòókù?

Ní ọjọ́ Àlàmísì, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní ọdún 2025, Asiata, ìyàwó Sàlàhúdíìnì, kú. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà pè é. Asiata ń sá aṣọ lórí okùn lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Ìjẹmọ̀, nílùú Abẹ́òkúta, ó ní orí ń fọ́ òun, ó jókòó lórí àpótí, kò sì dìde mọ́. Àwọn tó wá kí Sàlàhúdíìnì kú ara fẹ́ra kù rí i pé kò sunkún. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń ṣe àmín sí àdúrà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníkálùkù. Àwọn obìnrin kan ń sọ lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ọkàn bàbá yìí mà le o." Ọkàn rẹ̀ kò le. Ó ní ohun kan tó ń retí ni.

Ohùn Asiata ló ń retí.

Àwòrán rẹ̀ pọ̀ nílé: ti ìgbéyàwó, ti Mẹ́kà, ti ìkómọ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni Sàlàhúdíìnì mọ̀ pé ó wà, ìyẹn inú fóònù ọmọ ọmọ rẹ̀ nílùú Òyìnbó. Kò sí ẹni tó rò ó rí pé ó yẹ kí wọ́n gba ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ sílẹ̀.

Bí ohùn náà ṣe dé inú fóònù nìyí. Nínú oṣù kẹjọ ọdún tó ṣáájú, Láńre, àkọ́bí wọn tó ń gbé ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Lẹ́sítà, wá sílé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, Jọmílójú. Asiata ló sọ ọmọ náà lórúkọ yìí lórí fóònù lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀. Ní Lẹ́sítà, Jómì ni gbogbo ayé ń pè é, bàbá rẹ̀ pẹ̀lú. Jọmílójú ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe ìpàtẹ àdìrẹ Ẹ̀gbá, ó sì sọ fún wọn pé òun mọ ẹni tí wọ́n ti lè rí ojúlówó. Asiata ti ń rẹ aṣọ láró kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, ó sì kó èyí tó dára jù níbẹ̀ fún wọn. Jọmílójú ní nǹkan kan tún kù. Àwọn òyìnbó tó bá wá wòran yóò máa fi ẹ̀rọ sétí, wọn yóò máa gbọ́ orúkọ aṣọ kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ẹni tó ṣe é, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń pè é.

"Ohùn tèmi?" ni Asiata wí. "Kí òyìnbó máa gbọ́ èmi?"

"Ohùn tiyín ni, Mọ́mì," ni Láńre dáhùn. "Ta ló tún mọ̀ ọ́n pè jù yín lọ?"

Asiata wẹ̀. Ó wọ bùbá tuntun, ó sì lé tìróò, bí ẹni pé gbogbo àwọn òyìnbó náà ń bọ̀ wá jókòó síwájú rẹ̀. Ó wá jókòó láàárín àwọn ìkòkò aró. Sàlàhúdíìnì fa àga tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣí ìwé ìròyìn, kò sì ka ìlà kan níbẹ̀.

"Àdìrẹ," ni Asiata bẹ̀rẹ̀. "À-dì-rẹ. Ẹlẹ́kọ. Ẹ-lẹ́-kọ. Ìyẹn lèyí tí a fi ẹ̀kọ ya. Oníko. O-ní-ko. Ìyẹn lèyí tí a fi ìko dì. Ìbàdàndùn." Ó dúró, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìbàdàn ló dùn, Ẹ̀gbá ló ń rẹ ẹ́ láró. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìyẹn o!"

Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ náà pè é tẹ̀lé òun.

"Adáyà," ni Jọmílójú wí.

"Háà! Èkó lo ṣì wà, ìyá mi. Má fi imú pè é. À. Dì. Rẹ."

"Adìré."

"O ti dé Ìtòrí. Rọra máa bọ̀."

"Àdìrẹ."

"Ó wọlé!" Asiata pàtẹ́wọ́. "Bàbá Láńre, ẹ gbọ́? Ọmọ wa ti wọ Abẹ́òkúta. Káàbọ̀ o, ìyá mi, ṣé àlàáfíà lo dé?"

Sàlàhúdíìnì gbọ́. Ó gbọ́ ọ dáadáa, ó sì rántí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n di aṣọ sínú páálí tán, òun ló fi bírò dúdú kọ àdírẹ́sì sára rẹ̀, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ Jọmílójú, ó ṣì ń gba ohùn sílẹ̀. Asiata, tó ka ìwé mẹ́fà, tẹ̀ síwájú páálí náà, ó fi ìka tọ orúkọ ìlú náà, Leicester, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì pè é.

"Lái-sẹ́-sí-tà."

Jọmílójú kígbe ẹ̀rín. Láńre náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Lẹ́sítà, Gíráńmà! Lẹ́sítà ni!"

Asiata wo páálí náà. Ó wo ọmọ náà. Ó tún wo páálí.

"Ta ló wá jẹ àwọn lẹ́tà yòókù?"

Ẹ̀rín pa Sàlàhúdíìnì lọ́jọ́ náà, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Ó mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń sọ. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà nílé ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ kan nà án lórí ìdúró nítorí pé ó pe dí tó wà nínú Wẹ́síńdeè. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún nà án nítorí pé ó pe ẹ́sì tó wà nínú orúkọ tí òyìnbó ń pe erékùṣù. Àwọn ló kọ lẹ́tà síbẹ̀, àwọn ni kì í pè é, ẹni tó bá sì ka ohun tí wọ́n kọ ni yóò jẹ ẹgba. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ títí ahọ́n rẹ̀ fi tọ́. Òní kọ́, àná kọ́, kò tíì ṣi Wẹ́síńdeè pè mọ́.

Nígbà tí Asiata kú, Láńre kò rí àyè wá sílé. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó sunkún, ó sì sọ pé, "Ṣùgbọ́n ohùn Mọ́mì wà níbí, Dádì. Oṣù kẹrin ni ìpàtẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ wọn. Gbogbo ayé ló máa gbọ́ wọn." Ọ̀rọ̀ yìí ni Sàlàhúdíìnì fara tì láti ìgbà náà. Bí ilé bá dákẹ́ jù, á sọ fún ara rẹ̀ pé, ó ku oṣù kẹrin.

Oṣù kẹrin dé. Àfúsá, àbíkẹ́yìn wọn tó ń ta aṣọ ìyá rẹ̀ ní Ìtòkú, gbé fóònù wá bá a lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ní wọ́n ti fi fídíò ìpàtẹ náà ránṣẹ́. Sàlàhúdíìnì dé fìlà. Ó ní kí wọ́n pa rédíò, ó sì ní kí wọ́n bẹ aládùúgbò kó bá òun pa jẹnẹrétọ̀ díẹ̀. Ó jókòó sórí àga tó jókòó sí lọ́jọ́ náà.

Orin kan kọ́kọ́ dún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí aṣọ Asiata lára ògiri funfun, iná títàn lórí wọn, wọ́n dára ju bí wọ́n ṣe rí nílé lọ. Ohùn kan wá sọ̀rọ̀.

"Adáyà," ni ohùn náà wí. "Élékò. Oníkò. Láti ìlú Ábíokúùta. Ìyá bàbá mi, Èsíyátà, ló ṣe wọ́n."

Sàlàhúdíìnì dúró títí ó fi parí.

"Tún un ṣe. O ti fo ibi tó wà."

"N ò fo nǹkan kan, Bàbá."

"Ìyá yín ńkọ́?"

Àfúsá pa fídíò náà. Ó pe Láńre.

"Dádì! Ẹ ti wò ó? Ó dáa, àbí?"

"Ohùn ta nìyẹn?"

"Jómì ni o. Ọmọ yín ni."

"Mo mọ ọmọ mi. Ìyá rẹ ni mò ń béèrè."

Láńre wúkọ́. "Wọ́n ní adìẹ ń ké nínú ẹ̀, Dádì. Wọ́n ní ẹnì kan tún ń gún nǹkan. Wọ́n wá ní ó máa rọ àwọn tó wá wòran lọ́rùn tó bá jẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn ló pè é."

"Jọmílójú mọ̀ ọ́n pè. Etí mi báyìí ló ṣe. Kí ló dé tó fi pè é bẹ́ẹ̀?"

Jọmílójú wà nítòsí. Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé wọ́n ní kí òun pè é bí àwọn èèyàn yóò ṣe kà á lára ògiri.

"Orúkọ ìyá bàbá rẹ náà ńkọ́? Ara ògiri ni wọ́n ti máa ka ìyẹn náà?"

Ọmọ náà dá fóònù padà fún bàbá rẹ̀.

"Dádì, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ìjà," ni Láńre wí. "Àwa náà ńkọ́? Búrẹ́dì là ń pè, fúláwà là ń pè. Òyìnbó wo ló bá wa jà sí i? Orúkọ tiyín gan-an, ṣé bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń pè é nìyẹn?"

"Òótọ́ lo sọ," ni Sàlàhúdíìnì dáhùn. Kò gbé ohùn sókè. "A gba búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn, a jẹ ẹ́, ó di tiwa. Ṣùgbọ́n a kò ránṣẹ́ pe àgbàlagbà kan láàárín wọn pé kó wá kọ́ wa bí a ṣe ń pè é, kó wẹ̀, kó wọṣọ, kó lé tìróò, kó kọ́ wa tán, ká wá ní adìẹ rẹ̀ ń pariwo."

Láńre tún wúkọ́.

"Ó ti tán," ni bàbá rẹ̀ wí. "Kí wọ́n máa pè é bó ṣe wù wọ́n. Fi èyí tí ẹ gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Tòun tadìẹ. Èmi ni mo ni adìẹ."

Àfúsá wo ojú fóònù bóyá iná ti kú. Ohun tí wọ́n wá gbọ́ ni ẹkún Jọmílójú. Ó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò tọ́jú ohùn náà nígbà tí wọ́n ti ní àwọn kò lò ó. Èyí tó wà nínú fóònù tirẹ̀, ó ti pa á rẹ́ kí ọdún tó parí, nítorí fóònù náà ti kún. "Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa kú," ló ń wí. Yorùbá ló fi sọ ìyẹn.

"Ó ku ọ̀kan," ni Láńre sọ. "Kékeré kan. Ó wà lórí WhatsApp ẹbí. Àfúsá mọ̀ ọ́n."

Àfúsá wolẹ̀. Sàlàhúdíìnì kò sí lórí WhatsApp ẹbí. Ó ti pẹ́ tó ti ní òun kò ní àyè ariwo.

Àfúsá wá a títí ó fi rí i. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni àwòrán rẹ̀ fi hàn, pẹ̀lú igun páálí kan. Ohùn Asiata sì jáde níbẹ̀, ó mọ́ kedere, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó wà ní yàrá kejì.

"Lái-sẹ́-sí-tà."

Ẹ̀rín gba gbogbo rẹ̀. Ó sì tán.

Sàlàhúdíìnì na ọwọ́ sókè pé kí Àfúsá má sọ̀rọ̀, ó ń retí. Nígbà tó rí i pé nǹkan kan kò dún mọ́, ó ní, "Ó kù."

"Ó ti tán, Bàbá."

"Ó dáhùn. Mo wà níbẹ̀. Ó dáhùn."

"Ibẹ̀ ni wọ́n gé e sí."

Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ fídíò náà, àwọn ojú aláwọ̀ ìyeyè tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn tò lọ bẹẹrẹ, ti ọmọ ìyá, ti ọmọ àbúrò, ti àwọn tó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Orúkọ Àfúsá wà láàárín wọn.

"Ìwọ náà?"

"Ó pa wá lẹ́rìn-ín nígbà náà ni, Bàbá. Ẹ má bínú. Ṣé kí n pa á rẹ́?"

"Má pa á rẹ́. Ẹni tó pa iná nítorí èéfín, inú òtútù ni yóò sùn. Fi í sínú fóònù tèmi."

Àfúsá ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó parí, ó kúnlẹ̀ ti bàbá rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká gba ohùn tiyín sílẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ sọ ohun tí Mọ́mì fi dáhùn. Màá fi í ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé Mọ́mì dáhùn."

Ó tẹ fóònù, ó gbé e síwájú ẹnu bàbá rẹ̀. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀. Sàlàhúdíìnì la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ó pé, kò sí lẹ́tà kan tó yẹ̀ níbẹ̀. Adìẹ kan ké lẹ́yìnkùlé. Ó pa ẹnu dé.

"Gbé e kúrò," ló wí. "Wọ́n ti fi ohùn ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan náà tó."

Ó dìde, ó sì ní kí wọ́n sọ fún aládùúgbò pé ó lè tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Ohun tí Asiata fi sílẹ̀ nìwọ̀nyí:

Àwọn ìkòkò aró, ọ̀kan ti sán.

Ìyẹ́ adìẹ tó fi ń ya ẹlẹ́kọ, nínú agolo mílíìkì.

Àpótí tó jókòó lé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó lé láti ọjọ́ náà.

Bùbá kan, tó wọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Tìróò, tí kò tíì dé ìdajì.

Aṣọ orí okùn tí kò rí ká, tí Àfúsá bá a ká.

Àwọn adìẹ.

Ọmọ ọmọ kan tó mọ àdìrẹ pè.

Aṣọ lára ògiri funfun, ní ìlú tí a kì í pe orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ọkọ kan.

Ohùn kan tó pe gbogbo lẹ́tà, tí wọn kò jẹ́ kó béèrè àwọn tó sọnù.