Ojú Ewé Àwọn Shaw

Wọ́n ṣì ń kí Winifred Shaw kú iṣẹ́ nínú ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì Hebblewick nígbà tí àyà rẹ̀ já. Wákàtí mẹ́ta gbáko ló fi darí àwọn méje tí wọ́n jọ ń fa okùn agogo. Òfin iṣẹ́ náà le: láìwo ìwé ni adarí ń pe bí agogo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yóò ṣe máa tò tẹ̀ lé ara wọn, ìtò kan kò sì gbọdọ̀ wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá wáyé, òfo ni gbogbo rẹ̀. Adarí nìkan ló sábà máa ń mọ̀, òun náà ni àṣà ní kó jẹ́wọ́.

Winifred rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Òun ti ṣì í pè ní wákàtí kejì.

Ọ̀gbẹ́ni Dobson, tó ń kọ ìwé ìrántí ìlú, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bírò. Ojú ewé kan wà nínú ìwé náà fún àwọn Shaw tó lórúkọ: adájọ́ kan, agbábọ́ọ̀lù kan, afárá odò ìsàlẹ̀ àti òkè kan ní Kánádà pàápàá, tí àwọn náà ń jẹ́ Shaw. Àwọn Shaw pọ̀ nílùú náà bíi yanrìn, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kankan lójú ewé yẹn. Winifred, ọmọ bàbá oníwàrà, ni agogo òní ìbá sọ di àkọ́kọ́. Ó sì wù ú gidigidi. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ta ló mọ̀ bóyá apá rẹ̀ á tún ká a?

"Mà, ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀?" ni Dobson bi í.

"Má kọ ọ́. Mo ṣì í pè. Ìtò kan ti wáyé lẹ́ẹ̀mejì."

Clive alápatà, ọ̀kan nínú àwọn méje náà, ló kọ́kọ́ fèsì. "Win, ta ló gbọ́? Àlùfáà gan-an ń jẹ kéèkì nísàlẹ̀."

"Èmi gbọ́, Clive. Ogójì ọdún ni bàbá mi fi gbé wàrà kiri ìlú yìí, kò bomi sí i rí. Kò ní jẹ́ orí mi ni èrú ti máa bẹ̀rẹ̀."

Arnold, akẹgbẹ́ wọn nídìí okùn, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó sì ti ń ráhùn orúnkún láti àárọ̀, rọra dìde.

"Ọmọ Shaw," ló wí, "Sátidé wo la tún ń pàdé?"

"Èyí tó ń bọ̀ yìí ni, bàbá. Aago mẹ́wàá."

Kò sẹ́ni tó kọ̀, Clive náà kò kọ̀. Orí Winifred wú ju bí ìbá ṣe wú ká ní wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ lọ. Ó ká okùn rẹ̀ kọ́, ó wá ní kí Ọ̀gbẹ́ni Dobson fi ààyè ìlà kan sílẹ̀ lójú ewé àwọn Shaw.