Ajílẹ̀ Oko Ìyálé

Okbun lóṣòó sínú oko tí kì í ṣe tirẹ̀, ó fi ìka àárín wọn igbó Sorim láti ilẹ̀ dé ṣóńṣó. Igbó náà ga ju ìka rẹ̀ lọ dáadáa. Ó dìde, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ó dá poro tó pààlà oko méjèèjì kọjá, ó sì lóṣòó sínú tirẹ̀. Níbẹ̀, ìka ló ga ju igbó lọ. Ó wọn èkejì, ó wọn ẹ̀kẹta. Nígbà tó fi máa kan ẹ̀kẹrin, ó ti ń ri ìka náà bọ inú ilẹ̀ díẹ̀ kí èsì rẹ̀ lè yàtọ̀.

Oòrùn kò tíì yọ lórí òkè Sambatgol, ìrì sì ti rin ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rẹ̀ rèé tó ti ń gbin igbó ní abúlé yìí. Kì í ṣe èyí tí àwọn ìpáǹle ń mu o. Èyí tí wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ hun aṣọ ni, ìjọba ìbílẹ̀ ló fún wọn níwèé àṣẹ, bí ìkórè bá sì dé, ìṣojú òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ti ń sun ewé rẹ̀. Sorim, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, kò tíì lo ọdún méjì pé nídìí iṣẹ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò ojú ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Daegu kí ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tó kógbá wọlé, tí wọ́n fi kó ẹrù padà sílé. Lọ́jọ́ tó dé, ó kun èékánná ẹsẹ̀ ní pupa.

Oko tó wà lọ́wọ́ Sorim yìí gan-an, oko Okbun ni tẹ́lẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ru ìgbẹ́ màlúù sí i, tó ń ṣa òkúta inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá, ìyá ọkọ wọn, kàn dìde lọ́jọ́ kan ni, ó ní kí ìyàwó tuntun gba ibi tí oòrùn àárọ̀ ń kàn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́. Okbun ní kò burú. Lọ́dún tí òun fúnra rẹ̀ wọlé ọkọ, nígbà tí igbó rẹ̀ àkọ́kọ́ hu gágaàgà, ṣebí ìyá yìí kan náà ló fà á tu lójú gbogbo àdúgbò tó sì dà á fún màlúù jẹ. Pàṣán tí a fi na ìyálé, wọ́n ní ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Okbun ti gbójú sókè títí, kò rí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀.

Ká ní ọ̀rọ̀ oko nìkan ni, ì bá gbé e mì. Ṣùgbọ́n Màmá ti pé ọgọ́rin ọdún ó lé mẹ́rin. Lọ́dún tó ń bọ̀, oṣù àlékún tí wọ́n máa ń fi kún oṣù méjìlá yóò wọlé, oṣù tí ojú àwọn ẹ̀mí kì í sí lára ènìyàn, nínú rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rán aṣọ ìsìnkú fún àgbà tó ṣì wà láàyè, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè gùn. Igbó ọdún yìí ni wọn yóò hun nígbà òtútù fún aṣọ náà. Màmá sì ti sọ nídìí oúnjẹ pé òun kò fẹ́ àdàpọ̀ o, oko kan ṣoṣo ni aṣọ òun yóò ti wá, oko tí igbó rẹ̀ bá dọ́gba jù lọ nígbà ìkórè. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó fi ṣíbí gbé ẹja sórí ìrẹsì Sorim. Okbun ti hun aṣọ ìsìnkú fún ọ̀pọ̀ òkú abúlé náà. Kò ronú kàn án rí pé ẹnì kan lè bá òun du ti ìyá ọkọ òun. Láti ọjọ́ náà ni owú ti ń jẹ ẹ́, kò sí orúkọ mìíràn tí à bá pè é. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Okbun náà ti ń rù lóòótọ́.

"Ẹ káàárọ̀, ìyálé mi. Ẹ ti jí dé oko báyìí?"

Sorim ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé àpò ajílẹ̀ sí èjìká, ó mú abọ́ kan lọ́wọ́.

"Igbó ò jẹ́ kí n sùn," Okbun dáhùn. Ó nu erùpẹ̀ ìka rẹ̀ nù mọ́ ṣòkòtò.

"Màmá ní kí n wá bi yín nípa ajílẹ̀. Ìgbà wo ni mo máa fún un, báwo ló sì ṣe máa pọ̀ tó?"

"Àwọn fúnra wọn ò lẹ́nu tí wọ́n fi máa sọ fún ẹ ni?"

"Wọ́n ní ẹni tó ṣáájú mi wọlé ni kí n bi."

Ìdáhùn wà lórí ahọ́n Okbun. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. A kì í fún igbó kékeré lóúnjẹ títí ewé ìsọ̀rí kẹta yóò fi là tí yóò sì tẹ́. Bó bá là tán, ṣíbí ìrẹsì kan, kó má gun gegele, fún ilẹ̀ tó gùn tó apá méjì tí ènìyàn nà. Wọn kì í bù ú sídìí rẹ̀. Ojú ìlà tí wọ́n fi ọwọ́ fà, tó jìnnà sí ìdí igbó tó àtẹ́lẹwọ́ kan, ni wọ́n ń bù ú sí, wọn á sì fi erùpẹ̀ bò ó nírọ̀lẹ́ tí òjò wẹ́ẹ́rẹ́ ń bọ̀. Ó di ìgbà tó bá kan orúnkún kí wọ́n tó tún wò ó, bí ewé kò bá sì pọ́n, wọn kì í fún un mọ́. Igbó tó bá yó lọ́mọdé, bí gbòǹgbò rẹ̀ kò bá jó, ara rẹ̀ á rọ̀, á sáré ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, atẹ́gùn oṣù kẹfà á sì gbé e dùbúlẹ̀. Èèpo rẹ̀ á nípọn bíi ti àpò ìrẹsì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ewé ìsọ̀rí kẹta ṣì ká mọ́ra, ó ku bí ọjọ́ mẹ́fà.

"Òní ni," Okbun sọ. "Abọ́ kan fún ebè kan."

"Odindi abọ́?"

"Ṣé o fẹ́ kó ga ni àbí o ò fẹ́? Ìdí rẹ̀ gan-an ni kó o bù ú sí, kó tètè rí i mu."

Sorim wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ilẹ̀. "Ewé kẹta ò mà tíì là, ìyálé mi."

"Tó o bá ti mọ̀ ọ́n, kí lo wá bi mí fún?"

Sorim ṣì ń wo ilẹ̀. Okbun rí i pé kò tíì gbà, ara rẹ̀ wá gbóná. Ó já abọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu ajílẹ̀ kún un, ó dá poro kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn sídìí igbó ebè tirẹ̀ àkọ́kọ́ láti ìkángun dé ìkángun. Ajílẹ̀ náà funfun kalẹ̀ bí oúnjẹ adìẹ. "Wò ó dáadáa," ló ń wí, "bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ebè mẹ́rìnlá ló wà nínú oko rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ọ̀kan jẹ́ kí irọ́ rẹ̀ lè dúró, ó dá abọ́ padà, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ láìwẹ̀yìn.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ojú ọ̀run ti ń dúdú. Màmá jókòó sórí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa èèpo igbó èṣín sọ́tọ̀. Eyín rẹ̀ kò lè ya èèpo sí tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́, Okbun ló ń bá a fi eyín ya á. Okbun ká ṣòkòtò sókè, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí òwú náà mọ́ itan, níbi tí ara ti le tó sì ń dán láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Sorim kò tíì ní irú rẹ̀. Itan rẹ̀ ṣì jọ̀lọ̀, ó sì máa ń bẹ̀jẹ̀ bí iṣẹ́ bá pọ̀.

"Ṣé ìyàwó wá bi ẹ́?" Màmá béèrè.

"Ó wá."

"O sọ fún un?"

"Mo sọ fún un."

"Ó dáa. Èmi ò fẹ́ sọ ọ́. Tí mo bá sọ ọ́, tèmi ló máa mọ̀. Ọwọ́ tìrẹ ni mo fẹ́ kó kọ́, torí ó dáa ju tèmi lọ."

Òwú já mọ́ Okbun lórí itan. Láti ọdún tó ti wọ ilé náà, kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, bó sì ṣe wá gbọ́ ọ lónìí, inú ló bí i. Kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là.

"Ẹ yéé tàn mí, Màmá. Oko rẹ̀ lẹ máa yàn. Ẹ ti yàn án ká tó gbin nǹkan kan. Ilẹ̀ mi lẹ gbà fún un, òun lẹ̀ ń gbé ẹja fún. Èmi tí mo ti ń fi itan yí òwú láti ọjọ́ yìí wá, kí ni mo ṣe?"

Ìyá àgbà náà gbé èèpo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá Jinu, ta ló máa hun aṣọ mi bí kò ṣe ìwọ? Ìwọ lo máa wẹ̀ mí, ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ fún mi. Ìyẹn ò ní kí n má sùn. Mo sọ̀rọ̀ yíyàn kí ọmọ yẹn lè tara mọ́ṣẹ́ ni. Mò ń pọ́n ọn lé kó má baà sá padà sí Daegu."

"Tó bá sá lọ ńkọ́?"

"Èmi ti rí tèmi. Tìrẹ ni mò ń wá. Jinu wà ní Kánádà, ìyàwó rẹ̀ ò sì mọ igbó yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́. Lọ́jọ́ tó o bá kú, ta ló máa hun tìrẹ?"

Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sórí páànù, òmíràn tẹ̀ lé e. Okbun rántí abọ́ náà, ó rántí ìdí igbó gan-an tó ní kó bù ú sí. Ó dìde tòun ti òwú lẹ́sẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo gbàgbé nǹkan sóko."

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kì í sáré lásán, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà yọjú wò ó bó ṣe ń kọjá lọ. Ó ń ṣírò bó ṣe ń lọ. Ó ti lé ní wákàtí mẹ́rin. Bí Sorim bá fi bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yóò ti ṣe oko rẹ̀ tán, òjò yìí yóò sì yọ́ gbogbo rẹ̀ wọlé. Títí ọ̀túnla, ewé yóò ti máa pọ́n létí. Ohun tó fẹ́ gan-an láàárọ̀ nìyẹn. Ó ń bẹ òjò báyìí pé kó dúró díẹ̀.

Ó dé oko Sorim, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ebè àkọ́kọ́. Kò rí nǹkan kan. Ó wo ìkejì, ó wo ìkarùn-ún. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ nigín, kò sí ẹyọ ajílẹ̀ kan níbẹ̀, igbó dúró tútù bó ṣe fi í sílẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè ló rí Sorim lódì kejì poro. Inú oko Okbun ló wà, ó kúnlẹ̀ sídìí ebè tí wọ́n fi ajílẹ̀ bà jẹ́, ó ń fi ṣíbí ṣa á lẹ́yọ lẹ́yọ kúrò nídìí igbó, ó ń dà á sínú abọ́. Ó ti ṣa á kọjá ìdajì.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ọwọ́ yín ló ṣì láàárọ̀, ìyálé mi. Òjò sì ti dé, tó bá yọ́ wọlé báyìí, á jó gbòǹgbò rẹ̀."

"Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ̀yìn yín ni mo wà lọ́dún tó kọjá. Tẹ́ ẹ bá ti parí ebè kan, mo máa ń yọjú wo inú abọ́ yín, kí n lè mọ iye tó lọ. Ẹ ò sì bẹ̀rẹ̀ títí ewé kẹta fi là."

"O wá mọ̀ ọ́n, o tún wá ń bi mí."

Sorim fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú rẹ̀ nù, òjò ni. "Màmá ní ó yẹ kí n bi yín. Ó sì wu èmi náà kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi."

Okbun dúró sórí poro. Kò rí ibi tó máa kọjú sí. Ó lọ sí ìkángun kejì ebè náà, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣa ajílẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́. Ó ti ń yọ́. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń ta á níbi tí èèpo igbó ti ya á. Àwọn méjèèjì ṣa á bọ̀ láti ìkángun méjèèjì títí ó fi ku bí gígùn apá mẹ́ta láàárín wọn.

"Ọwọ́ mi ò ṣì," Okbun sọ.

"Mo mọ̀," ni Sorim wí. Kò gbórí sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró.

Òjò wá ya bò wọ́n. Nínú apá mẹ́ta tó kù náà, ajílẹ̀ funfun yẹn yọ́ di omi lójú wọn, ilẹ̀ sì fà á mu. Okbun mọ̀ pé igbó ibẹ̀ yóò jó, pé oko òun kò ní dọ́gba lọ́dún yìí, bí Màmá bá sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, igbó Sorim ni wọn yóò gbé wá fún òun láti hun. Kò sọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé ìsọ̀rí kẹta, ó sọ ti ṣíbí tí kò gbọdọ̀ gun gegele, ó fi ọwọ́ fa ìlà nínú ẹrẹ̀ kí Sorim lè rí bó ṣe yẹ kó jìnnà sí ìdí igbó tó, ó sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró.

"Hẹn, ìyálé mi," Sorim ń dáhùn. Ó ń wo ìlà náà bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Okbun wò ó níbi tó kúnlẹ̀ sí, ẹrẹ̀ dé itan rẹ̀, nínú oko tí kì í ṣe tirẹ̀. Owú ṣì wà láyà rẹ̀, kò tíì lọ síbì kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gíga igbó ló ń jowú mọ́. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ká ní òun ni, òun ì bá kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀.