Ìyá Mi Jáde Láàrin Fáìlì

Bísí, má tíì rẹ́rìn-ín, gbọ́ àlá tí mo lá. Mo lọ gba ìwé ọjọ́ ìbí lọ́fíìsì ìjọba, ọkọ mi sì tẹ̀ lé mi. Akọ̀wé ní kí n mú ẹni tó bí mi wá. Mo ní ó ti kú. Ó ní ìyẹn ò le, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí fáìlì àtijọ́ wà, ìyá mi sì jáde níbẹ̀, ó ń gbọn eruku ìró rẹ̀.

"Màmá, ṣé ọmọ yín nìyí?"

"Èyí tí mo bí ò sanra tó báyìí. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀n ọ́n wò, ẹ̀yìn mi ò lè gbàgbé rẹ̀."

Ló bá fi ọ̀já pọ̀n mí. Mo wọ bàtà gogoro, mo gbé báàgì kọ́ apá, ẹsẹ̀ mi ń wọ́ nílẹ̀, oorun sì ń kùn mí.

"Òun ni," ó ní. "Bó ṣe máa ń fún mi lọ́rùn náà nìyí."

Akọ̀wé bi í pé ọdún wo ló bí mi. Ọkọ mi, tó gbà pé òun jù mí lọ lọ́jọ́ orí, na ọrùn síwájú.

"Ọdún tí omi gbé afárá ìlú wa lọ..."

Mo yára fọwọ́ bo ìyá mi lẹ́nu, ó gé mi jẹ, mo bá jí. Ẹnu ọkọ mi ni mo fọwọ́ dì. Ó rọra ká a kúrò.

"Afárá wo lomi gbé lọ?"